Orúkọ Mọ́kànlá Tí Mo Kọ fún Kóòṣì

Ilé Búrẹ́dì,
Ẹ̀yìn Pápá Ìṣeré.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún.

Ọkọ mi kékeré ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ojú òkun, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé ara yín le nínú ọkọ̀ yẹn? Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa? Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀gbọ́n yín ni mo ti ń dárúkọ yín nínú àdúrà. Àwa náà ń gbìyànjú. Ife méjì ni mo ṣì máa ń gbé jáde láàárọ̀, màá wá dá ọ̀kan padà.

Nígbà tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ ní, "Ìyàwó, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ti di tiyín. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ ló ń pàṣẹ. Ẹ má jẹ́ kí kóòṣì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o." Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí.

Ẹ mọ àṣà ẹ̀gbọ́n yín. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, wọ́n á gé lára ìwé tá a fi ń wé búrẹ́dì, wọ́n á kọ orúkọ mọ́kànlá sí i. Kóòṣì á kà á lórí ìdúró, á ní, "Mo ti rí i, ọ̀gá," á tì í bọ àpò. Nígbà tó kàn mí, èmi náà gé ìwé. Ṣùgbọ́n kí ni mo mọ̀ nínú bọ́ọ̀lù? Àwọn tó sunkún jù lọ́jọ́ ìsìnkú ni mo kọ. Kúkúrú, gólì kejì wa, sunkún débi pé ńṣe ni wọ́n gbé e jókòó. Mo ní òun ni kó ṣọ́ ilé. Àkàbà, gólì wa gan-an, tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀pá òkè, kò sunkún rárá. Mo ní kó jókòó.

Góòlù mẹ́rin! Òkè orí Kúkúrú ni gbogbo wọn gbà wọlé. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ń pariwo pé, "Ẹ gbé àpótí fún un kó gùn ún!" Eré kan ṣoṣo ló wá kù. Tá ò bá borí, a jábọ́ nínú líìgì nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, kóòṣì bá mi nídìí ààrò, ó ní òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n yín fi sílẹ̀, ẹgbẹ́ yìí ló ṣì ń sáré, tó ṣì ń pariwo. Mo ní kí ni mo ṣe tí ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe? Ṣebí ọ̀gá náà máa ń kọ orúkọ?

Ó lọ sílé, ó gbé agolo bísíkíìtì kan dé. Ìwé ẹ̀gbọ́n yín ló kún inú rẹ̀, ti ọdún mẹ́fà.

"Mi ò lo ọ̀kan rí nínú wọn, Mà."

"Ọ̀gá yín ò mọ̀ ni?"

Ó yí ọ̀kan padà. Ẹ̀gbọ́n yín ti kọ ọ́ sẹ́yìn pé: "Mo mọ̀ pé o ò ní lò ó. Ṣáà jẹ́ kí Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì gbá díẹ̀, ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá wòran."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo ní kí ló dé tó fi wá lo tèmi?

"Tí n kò bá lo tiwọn, àwa méjèèjì á jiyàn, ọ̀gá á bú mi, wọ́n á sì tún fún mi ní búrẹ́dì. Ẹ̀yin, aṣọ ọ̀fọ̀ lẹ wọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá yín jiyàn?"

"Ẹ bá mi jiyàn, mo bẹ̀ yín. Kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn mọ́ nílé."

Nítorí náà, ọkọ mi, ẹ má bínú, mo dá ìmọ̀ràn yín padà. Kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ ra bọ́ọ̀lù, kó ra bàtà, kó wá kóòṣì tó fọkàn tán, kó sì sọ tẹnu rẹ̀ bó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yẹn láràárọ̀ ni kó yan ẹni tó máa gbá.

Ní Sátidé, mo tún kọ orúkọ mọ́kànlá. Mo tún fi Kúkúrú sí gólì. Kóòṣì kà á lórí ìdúró, ó ní, "Mo ti rí i, ọ̀gá." Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó tì í bọ àpò, Àkàbà ló sì wọlé. A gbá méjì, wọ́n gbá ọ̀kan. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, wọ́n rí pẹnáritì gbà, Àkàbà sì fi orí ìka tì í síta. Mo fò sókè, gbogbo omi ọwọ́ mi dà sórí kóòṣì. Kúkúrú ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Ẹ bá mi kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, pàápàá ẹni tó ń se oúnjẹ yín. Màmá yín ní kẹ́ ẹ máa wọ súwẹ́tà o.

Ìwé mi ti wà nínú agolo báyìí, orí ti ẹ̀gbọ́n yín ló wà. Bó bá wu ẹ̀yin náà, ẹ kọ orúkọ mọ́kànlá ránṣẹ́. Àyè ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni ìyàwó yín tó ń retí yín,
Ìyá Oníbúrẹ́dì.