Ìwé Méje Tí Bọ̀dá Ràṣídì Dáná Sun

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá Àgbà, mo sì kúnlẹ̀ fún gbogbo ilé l'Áyépé.

Ohun tí mo rí láàárọ̀ àná, ọjọ́ Ìsinmi, rèé: ọyẹ́ bo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, àga gbọọrọ kan wà níwájú, èèyàn mẹ́rin tó fẹ́ ṣèrìbọmi jókòó lórí rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ẹnì kẹta ni Bọ̀dá Ràṣídì, àbúrò Bàbá. Bàtà Bọ̀dá ń dán. Àpá iná ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn.

Ẹ rántí iná náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n ṣe ìdánwò àṣejáde nígbà tí mo sọ nílé pé mo ti di onígbàgbọ́. Bàbá ní Ọlọ́run kan náà ni, kí n ṣáà máa hùwà dáadáa. Bọ̀dá Ràṣídì ni wọ́n kó ìwé mi lọ sídìí kànga, wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n ṣáná sí i, iná sì jó wọn lọ́wọ́, wọ́n ní kí Jésù wá kọ òmíràn fún mi. Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Mo fìdí rẹmi, mi ò lè di nọ́ọ̀sì mọ́. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, tí mo ń dá jẹun. Ọ̀nà ilé ò jìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbà.

Nínú ìsọjí ni Bọ̀dá ti yí padà. Wọ́n ṣubú lulẹ̀, wọ́n ké bí ọmọdé. Ní tèmi, aṣọ ilé-ìwé ni mo ń fọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkàn mi kàn fúyẹ́. Mi ò tilẹ̀ dá aṣọ fífọ̀ dúró. Ìyá onílé mi ní òun kàn ń tẹ̀lé ọkọ òun lọ ni, òun ò mọ ọjọ́ tí òun gbàgbọ́. Mi ò sọ pé irọ́ ni ti Bọ̀dá. Òótọ́ ni mo fẹ́ kó jẹ́, kó lè dùn wọ́n.

Ẹ ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Mo gbìyànjú. Èmi ni mo to orúkọ wọn sínú ìwé ètò ìsìn, mi ò sì ṣi lẹ́tà kan. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ka orúkọ ẹni tó fẹ́ ṣèrìbọmi, kí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn sí i lè dìde. Àná ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo dìde.

Mo ròyìn iná náà. Bọ̀dá ní ohun àtijọ́ ti kọjá lọ. Mo ní lọ́dọ̀ tiwọn ni ó ti kọjá. Obìnrin kan lẹ́yìn mi sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ata wẹ́wẹ́ ni ọmọ yìí, ojú rẹ̀ ni kò fi hàn. Pásítọ̀ ní Bọ̀dá kò ní wọ omi títí wọ́n á fi lọ tọrọ àforíjì nídìí kànga yẹn lọ́jọ́ Sátidé, lójú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ìjọ á bi mí bóyá ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Màmá mi, tí Bọ̀dá bá dé, ẹ má gbé àga fún wọn. Kí wọ́n dárúkọ ìwé méjèèje: Bíbélì, bàọ́lọ́jì, kẹ́místìrì, físíìsì, ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá. Tí wọ́n bá fo ọ̀kan, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá tún dìde. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún mi, kò ní jẹ́ kí ojú tì yín nítorí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé. Ẹ ní kí wọ́n má lọ sọ́jà lọ́jọ́ Sátidé.

Èmi ni ọmọ yín,
Múlíkátù.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sàn-án àná ni mo tó dùbúlẹ̀. Mo sùn fọnfọn.