Fíìmù Tó Mọ Ẹ̀yìn Ike Gàrí Wa

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Fíìmù méjì ni mo wò lọ́sẹ̀ yìí. Àkọ́kọ́ kò dáa rárá. Wọ́n yìnbọn fún bàbá kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà bíi sóbò, síbẹ̀ ó ráyè pín ogún kó tó kú.

Èkejì dùn, ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Baṣọ̀run ló kọ ìtàn rẹ̀. Òun náà ló kó wa lọ wò ó ní Ring Road lónìí.

Nínú rẹ̀, ìyàwó ilé ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Eyínfúnjowó. Orúkọ tí mo sọ tiwa nìyẹn nígbà tí mo wọlé ọkọ, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Mo rẹ́rìn-ín.

Àfi bí ìyàwó yẹn ṣe wọ kíṣìnì, tó fa ìdì aṣọ yọ lẹ́yìn ike gàrí, èyí tó dì sílẹ̀ láti fi sá kúrò nílé ọkọ. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkọ mi ń jẹ gúgúrú tirẹ̀.

Nígbà tí a jáde, mo ní, "Eyínfúnjowó, ta ló sọ ìtàn yìí fún yín?"

"Ìyàwó wa, mo kàn rò ó ni."

Irọ́ ni. Ìdì tèmi náà wà lẹ́yìn ike gàrí wa, mi ò sì sọ fún ìyá tó bí mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo kọ ọ́ sí.

Mi ò fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, àbúrò ọkọ ló jí ní ìdájí, tó ṣí géètì fún ìyàwó kó máa lọ.

Eyínfúnjowó, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ka èyí. Géètì yẹn, ṣé fíìmù lásán ni?