Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ Máa Ń Fọwọ́ Sọ

Bàbá mi àtàtà,

Lẹ́tà ni mo kọ sí yín, torí èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé fóònù kò bá wa lára mu rí. Nígbà tí ẹ wà láyé, tí mo bá pè yín láti Agric ní Ìkòròdú, gbogbo ọlọ́jà tó wà níbùdókọ̀ ló máa ń gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ̀yin nìkan ni kì í gbọ́. Ẹ ó ní "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ẹ ó sì gé e. Inú máa ń bí mi nígbà náà. Lónìí, ohùn yín ń wù mí í gbọ́ débi pé èmi nìkan máa ń dá sọ "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn nínú ilé, bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú ariwo.

Mo ṣì wà níbi iṣẹ́ tí ẹ mọ̀, ní ojú ọ̀nà Imota, níbi tí wọ́n ti ń hun àpò ìrẹsì. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ bi mí bóyá èmi náà ń ṣọ́ ẹ̀rọ, tí mo ní rárá, pé ọ́fíìsì ni mo jókòó sí, pé èmi ni mò ń bá wọn gba òṣìṣẹ́. Ẹ mi orí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé òun ò níṣẹ́. Ó dáa, iṣẹ́ náà ti wá le. Wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun tó ń dá hun àpò fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí òwú kan bá já, ẹ̀rọ á dúró fúnra rẹ̀, iná pupa á tàn, aago á máa dún. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ mẹ́fà. Wọ́n ní kí n wá èèyàn mẹ́jọ tó mọ̀ ọ́n darí. Mo rí méje. Ọ̀rọ̀ ẹni kẹjọ ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí mi ò rí ẹlòmíràn tó máa yé bó ṣe máa yé yín.

Bàbá Mùkáílà ni wọ́n ń pè wọ́n, ará Ìjẹ̀dẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún. Mo rí i nínú fọ́ọ̀mù wọn pé ilé iṣẹ́ aṣọ tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú ni àwọn náà ti kọ́ iṣẹ́, kí wọ́n tó tì í pa. Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ yín. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má lọ sọ pé àwọn ò mọ̀ yín. Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ aṣọ yẹn, wọ́n lọ sí ibi kékeré kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ oní-kọ̀ǹpútà hun àpò, ibẹ̀ náà sì kógbá sílé. Láti ìgbà náà, wọ́n wà nílé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ̀rọ tí a fi ń dán àwọn èèyàn wò ń dúró ṣáá láìsí òwú tó já. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí ìwé-ẹ̀rí wọn kún àpò kọ́kọ́ débẹ̀. Bó bá ti dúró, wọn á tẹ bọ́tìnnì, á tún ṣí, á tún dúró, wọn á tún tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀rọ náà ń ṣàgídí. Nígbà tó kan Bàbá Mùkáílà, wọn ò tẹ nǹkan kan. Wọ́n yí ẹ̀rọ náà po, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n béèrè búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbá ìdọ̀tí òwú tó kó sójú ibi tí ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá òwú ti já. Ẹ̀rọ náà ṣí, kò sì dúró mọ́ títí a fi parí. Ó dùn mọ́ mi bíi pé ẹ̀yin lẹ ṣe é.

Ìdánwò etí ló kù. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù pé ẹni tí a máa gbà gbọ́dọ̀ máa gbọ́ràn dáadáa. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo pe orúkọ wọn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn tó jókòó níwájú wọn gbójú sókè wò mí, ojú àwọn yẹn ni Bàbá Mùkáílà rí tí wọ́n fi yíjú padà. Bàbá mi, ìyíjú yẹn ò ṣàjèjì sí mi. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní mọ́ṣáláṣí kí ẹ tó mọ̀ pé ó ti yá láti foríkanlẹ̀. Mo yára yípo lọ síwájú wọn kí wọ́n lè rí ẹnu mi, mo béèrè ohun tó kàn, wọ́n sì dáhùn. Mo fi àmì sí fọ́ọ̀mù pé wọ́n ń gbọ́ràn dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọlọ́run á bo àṣírí tìẹ náà, ọmọ mi."

Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Kí ló dé tí ó rọrùn fún mi láti fi irọ́ ran ẹni tí mi ò mọ̀ rí lọ́wọ́, tí mi ò sì lè fi sùúrù lásán ran ẹ̀yin lọ́wọ́?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, eré ni etí yín jẹ́ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkùnrin ìsàlẹ̀ ilé wá sọ fún yín pé ìyá ìyàwó òun kú, tí ẹ rẹ́rìn-ín, tí ẹ ní "Alhamdulillahi, Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣojú gbogbo wa," mo ṣì ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí dòní. Nígbà náà, mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin ahunṣọ ń fọwọ́ sọ láàárín ariwo ẹ̀rọ. Ìka méjì bíi sísọ́ọ̀sì, òwú já nìyẹn. Kéèyàn fọwọ́ pa ikùn, oúnjẹ ni. Kéèyàn fìka kan èjìká, ọ̀gá ń bọ̀. Bí Màámi bá ń bọ̀ pẹ̀lú ìbínú, ẹ ó fìka kan èjìká yín fún mi, n ó sì ti sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Àfi ìgbà tí mo wọ ilé ìwé girama. Ẹ wá wò mí, ẹ dúró lókèèrè, ẹ ń fọwọ́ pa ikùn, ẹ ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹ ti ń ṣe. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé mi ò mọ̀ yín. Láti ọjọ́ náà, mo ń pariwo sí yín ni, mi ò fọwọ́ dá yín lóhùn mọ́. Ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yín sínú àpò tí ẹ bá wà lọ́dọ̀ mi. Ṣé ẹ rò pé mi ò rí i?

Ní ilé ìwòsàn, lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹ tún fọwọ́ pa ikùn. Àlejò pọ̀ nínú yàrá, mo ṣe bí ẹni tí kò yé, mo tẹ̀ba sí etí yín, mo pariwo pé kí lẹ fẹ́. Gbogbo èèyàn ló yíjú sí wa. Ẹ pa ojú dé, ẹ ní "bẹ́ẹ̀ ni." Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, Bàbá mi. Ebi ń pa yín, mo sì mọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé ìdánwò yẹn, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo kọ́kọ́ dúró níbi sàréè yín. Lẹ́yìn náà mo bá Màámi lọ sí Ọjà Olúwo, wọ́n fẹ́ ra ẹja. Ara wọn le, ẹnu wọn sì tún le jù ú lọ, ẹlẹ́ja kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún wọn ohun tí mo ṣe fún Bàbá Mùkáílà, mo rò pé wọ́n á yìn mí. Wọ́n gbé ẹja sílẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo rántí àpá gígùn tó wà lẹ́sẹ̀ yín. Mo ní ọ̀kadà ló ṣe é, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Màámi ní irọ́ ni. Wọ́n ní ọdún mẹ́fà ni ẹ fi pa á mọ́ fún àwọn ọ̀gá yín pé etí yín ti ń lọ, torí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n dá yín dúró, òwú lásán lẹ sì máa ń kì bọ etí lójú iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń kó aṣọ ń bọ̀ lẹ́yìn yín, wọ́n pariwo, wọ́n pariwo, ẹ kò yà fún un.

Nínú ilé iṣẹ́ tiwa, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn ló fi ń rìn lọ́pọ̀ ìgbà, fèrè rẹ̀ nìkan ló fi ń kìlọ̀. Gbogbo ọ̀nà láti Ìtòíkín títí mo fi dé Agric, ẹ̀yìn Bàbá Mùkáílà ni mò ń rí. Tí mo bá dákẹ́, ọkọ̀ lè gbá wọn. Tí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ńkọ́, èwo lẹ̀ bá ní kí n ṣe?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wọlé lọ bá Màdáàmù, ọ̀gá wa pátápátá, mo jẹ́wọ́. Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì lójú ẹsẹ̀, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Mùkáílà. Wọ́n wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, Màdáàmù sọ ohun tí mo sọ, bàbá náà wò mí bí ẹni tí ọmọ ara rẹ̀ tà. Mi ò lè gbé ojú sókè.

Màdáàmù ní, "Tí nǹkan bá fẹ́ ṣe é níbẹ̀, ta ló máa kígbe tí á gbọ́?"

Mo bi wọ́n pé ta ló ń gbọ́ igbe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A máa ń fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní ohun tí wọ́n fi ń dí etí, a sì máa ń bá ẹni tí kò bá lò ó wí. Gbogbo wa là ń di adití ní kété tí a bá wọ ẹnu ọ̀nà yẹn. Lẹ́yìn náà, Bàbá mi, mo ṣe ohun tí mi ò ṣe láti ọdún pípẹ́. Mo gbé ọwọ́ mi sókè níwájú èèyàn, mo ṣe òwú já, mo ṣe oúnjẹ, mo ṣe ọ̀gá ń bọ̀. Bàbá Mùkáílà dìde lórí àga, ẹnu wọn là sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ dá mi lóhùn. Màdáàmù ń wo èmi, wọ́n ń wo Bàbá Mùkáílà.

Wọ́n ní tí àwọn méje yòókù bá lè kọ́ ọ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn á gba Bàbá Mùkáílà fún oṣù mẹ́ta ná, àwọn á sì ní kí wọ́n so iná títàn mọ́ ọkọ̀ ẹrù, kí ọ̀nà rẹ̀ má sì gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ mẹ́fà tí Bàbá Mùkáílà máa ṣọ́. Èmi ni mo kọ́ àwọn méje náà, lójoojúmọ́, nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ti ń fọwọ́ ṣòfófó ara wọn.

Àná ni Bàbá Mùkáílà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo lọ wò wọ́n láàárín ẹ̀rọ, ariwo ti gba gbogbo ibẹ̀. Wọ́n nàka sí ọwọ́ mi, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo fọwọ́ pa àgbọ̀n mi bí ẹni tó ní irùngbọ̀n, kí wọ́n lè mọ̀ pé bàbá mi ni. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n tún ṣí àtẹ́lẹwọ́, pé ibo ni bàbá náà wà. Bàbá mi, ẹ ò kọ́ mi ní èyí. Kò sí ikú nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń fọwọ́ sọ. Mo ronú títí. Mo wá gbọ́wọ́ sókè, mo fà á wálẹ̀ bí ẹni tó ń pa iná gbogbo ẹ̀rọ lára ògiri, mo sì gbọn àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì: ṣíìfù ti parí, wọ́n ti lọ sílé.

Bàbá Mùkáílà ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e sí àyà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí ahunṣọ máa ń béèrè, torí ẹnikẹ́ni nínú yín kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ àyàfi tí ẹlòmíràn bá ti dúró tì í. Wọ́n nàka sí ẹ̀rọ, wọ́n gbójú sókè sí mi, pé ta ló gbà á lọ́wọ́ yín.

Omi ti bo ojú mi. Mo fìka kan àyà ara mi.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń wá tiyín.