Àpò Tí Mo Fi Dí Imú Ọkọ̀ Yín

Bàbá Kareemat,

Ẹ má tíì ṣáná sí mọ́tò asáré yín o. Mo fi gbé obì tí mò ń tà lọ sí ọjà Intasẹ́ńjì láàárọ̀ yìí láìtọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Kí n tó débẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ọ́ìlì hàn ti sáré lọ sókè. Mo pe Tájù mẹkáníìkì yín wá síbẹ̀, mo bú u lójú gbogbo ará títì pé ó ti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Ìgbà tó ti lọ tán tí mo wá bẹ̀rẹ̀ wo iwájú ọkọ̀ ni mo rí àpò tútù tí èmi fúnra mi fi bò ó lánàá nítorí eruku, bí mo ṣe ń bo obì. Rédíétọ̀ kékeré tí ẹ ní ọ́ìlì ń gbà kọjá kó lè tutù, òun ni mo dí pa. Atẹ́gùn tó ń ba obì jẹ́, òun gan-an ni ọ́ìlì nílò kó lè tutù. Ẹ ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rí, mo kàn ń mi orí ni.

Wọ́n ti fà á wálé. Tájù ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Obì wà lórí tábìlì, ẹ bá mi fún un. Ẹnu tí mo fi bú u, mi ò lè fi bẹ̀ ẹ́. Inú àpò tí mo fi dí ọkọ̀ yẹn gan-an ni mo di obì náà sí. Tó bá ti rí àpò náà, yóò yé e pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Ìyá Kareemat