Ẹkún Tí Wọ́n Fẹ́ Yá Mi

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Ìyá Àgbà. Mo kí Bọ̀dá Táyọ̀ àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé n'Ísẹ́yìn. Òjò ò dá níbí. Bó bá sì dá, eruku èéfín á tún balẹ̀ sórí aṣọ tí mo sá. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà ká ṣe ìdána ní Port Harcourt, nígbà tí báǹkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ò fún mi láàyè láti wálé. Ọ̀rọ̀ orin ìdána náà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó kó mi nírìíra.

Wálé àfẹ́sọ́nà mi mú mi lọ bá obìnrin tó máa ṣe alága fún wa, ní àdúgbò Mgbuoba níbí. A yan orin tí a ó fi wọlé, a yan èyí tí ẹ̀yin ó fi jó. Nígbà tó kan ẹkún ìyàwó, mo ní màá sun ún fúnra mi. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹkún wà nínú fóònù òun, wọn á kàn tẹ̀ ẹ́ ni, kí èmi máa mi ètè. Ó ní bí omi ò bá jáde lójú mi, òun á fi róòbù pa ìnujú mi kó lè ta mí lójú. Ó wá fi fídíò hàn wá: ìyàwó mẹ́ta, ilé mẹ́ta, ohùn kan ṣoṣo.

Ohùn náà ń pe bàbá ìyàwó ní ọmọ Olófà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde wá gbọ́wọ́ lé òun lórí. Mo ní Bàámi kì í ṣe ará Ọ̀fà, wọ́n sì ti di olóògbé. Ó ní, aunty mi, who dey listen? Wálé, tí wọ́n bí síbí, tó ń fi Pidgin lá àlá, ní kí n má bínú, na for video. Ó ní ṣebí ohùn yẹn dùn ju tèmi lọ.

Ó dùn lóòótọ́. Síbẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n na pákò tí ẹlòmíràn ti rún sí mi.

Mo ti kàwé nípa ẹkún ìyàwó o. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ́ ìyàwó àtijọ́ ní ẹkún rẹ̀ ni, pé inú òmíràn ò tiẹ̀ bà jẹ́ rárá. Mo máa ń bi ara mi pé kí wá ni ìyàtọ̀ àwọn àti fóònù. Ṣùgbọ́n ìyá tiwọn ni wọ́n kọjú sí, bàbá tiwọn ni wọ́n pè.

Nínú ẹkún tí ẹ kọ́ mi, díẹ̀ ló kù lórí mi. Mo ti sọ fún Wálé pé díẹ̀ yẹn ni màá sun. Alága ní òun ò ní í jẹ́ kí n ba iṣẹ́ òun jẹ́, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó tẹ ẹkún inú fóònù rẹ̀ bí mo ṣe ń sun tèmi lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run gbé yín dé pápákọ̀ òfuurufú Omagwa láyọ̀, kó dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Lọ́jọ́ náà, tí mo bá kúnlẹ̀, tí ohùn dídùn inú fóònù yẹn gba gbọ̀ngàn, ẹ káwọ́ yín mọ́ra. Ẹ má fọwọ́ kàn mí lórí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fídíò wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ ohùn tó ń já, tó ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ dìde, ẹ máa bọ̀. Èmi ni.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́