Ẹni Tí A Kò Bá Pa Kò Ní Orin Kọ

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Òpópónà Ilé-Ẹjọ́ Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn tó máa ń bá mi wí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àmúmọ́ra ọkọ yín. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ yín láìbá a jà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé èyí tó kéré jù ti ń sọ̀rọ̀, àti pé ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni "rárá". Ẹ má bá a wí. Ká ní èmi náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, lẹ́tà yìí kì bá gùn. Ara tèmi náà le. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo sì ń pa ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ṣe gbọ́ báyìí.

Ẹ rántí eré orin tí ẹgbẹ́ Bàbá Kékeré wa máa ń ṣe, èyí tí màmá wa kì í jẹ́ kí á wò tán nítorí àlá burúkú. Káfíńtà kan ń kan pósí. Àwọn ará ìlú kò kú mọ́, ọjà rẹ̀ kò tà, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn oníbàárà lọ́wọ́. Ènìyàn méje ló ń kú níbẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó kú, yóò kọrin. Wákàtí mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, àwọn òǹwòran a sì máa lọ sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́ tó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Wọ́n ti fẹ́ fi eré náà ṣe fíìmù. Nígbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni ẹni tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe láàárín àwọn tí ohùn wọn kò dára, èmi ni wọ́n ní kí n tún un kọ fún sinimá. Olùdarí tí wọ́n mú wá kì í bọ́ fìlà, ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ ló sì ti ń yà láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó ní òkùnkùn ni òun fẹ́, kí ọkàn àwọn ènìyàn bàjẹ́, ṣùgbọ́n kí ó bàjẹ́ láàárín wákàtí méjì. Ó ní kí n dá ènìyàn mẹ́ta sí.

Mo rò pé àánú ni mo fẹ́ ṣe. Mi ò mọ̀ pé nínú ẹgbẹ́ yẹn, ikú ni ìgbéga. Ẹni tí a kò bá pa kò ní orin kọ. Yóò kàn máa gbé àga wọlé, yóò sì máa gbé e jáde ni. Ọjọ́ kejì tí ọ̀rọ̀ náà jáde, obìnrin tó ń ṣe ìyàwó onílé ti wà ní yàrá mi. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ibùsùn mi.

"Akọ̀wé," ó ní, "ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kú. Mo kú nígbà tí mo lóyún. Mo kú nígbà tí ibà dá mi wó. Ìwọ ni o wá fẹ́ dá mi sí?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ ó kàn pẹ́ láyé ni."

"Ìwọ ni yóò pẹ́ láyé! Àtìwọ àti ìran rẹ!"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnikẹ́ni kò tíì fi àdúrà ṣépè fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ń ṣe dókítà ìlú ló tẹ̀ lé e. Òun kò bá mi jà. Ó kàn ní bí n kò bá lè pa òun tán, kí n jọ̀wọ́ ṣe òun léṣe díẹ̀, kí òun lè rí ẹsẹ orin méjì fi kérora.

Ẹnì kẹta tí olùdarí fẹ́ kí n dá sí ni Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀. Òun ló ń ṣe aránṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Aránṣọ yìí yóò wọ inú pósí láti wò ó bóyá ó bá òun mu, káfíńtà yóò dé e mọ́ ọn lórí, òun yóò sì kọrin nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Olùdarí ní, "Àpótí ni kí n kọjú kámẹ́rà sí fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá? Kí ni wọ́n ń wò?" Mo ní ẹni tó ń kọrin ni. Ó ní, "Ibo ló wà?" Mo ní inú rẹ̀ ni. Ó fa igi lé e.

Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Ẹni tó tọ́ wa lẹ́yìn ikú màmá wa, tó ń di irun yín lọ́nà tó fi jẹ́ pé àwọn olùkọ́ yín máa ń bèèrè bóyá ara yín yá, ṣé èmi ni n ó fi bírò pa orin rẹ̀ rẹ́? Wọ́n sì ti sọ gbọ̀ngàn eré wọn di ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí láti oṣù tó kọjá. Orin tí kò bá sí nínú fíìmù yìí, kò sí níbì kankan mọ́.

Mo bá lo orí. Ẹ rántí ìmọ́lẹ̀ kékeré tó máa ń yọ láàárín pákó pósí náà nígbà tó bá ń kọrin? Olùkọ́ wa ní gbogboǹṣe fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣàlàyé rẹ̀ fún wa pé ẹ̀mí aránṣọ ló ń jáde. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo gba méjìdínlógún nínú ogún. Mo sọ fún olùdarí pé lórí ìtàgé, kò sí ẹni tó rí ojú aránṣọ nínú pósí rí. Sinimá nìkan ló lè wọ ibẹ̀ lọ bá a. Kí wọ́n rẹ́ ẹ̀gbẹ́ pósí kan kúrò, kí kámẹ́rà sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, olùdarí bọ́ fìlà. Ó ní orin aránṣọ ni ọkàn fíìmù náà, àti pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń rò ó.

Mo sáré lọ sọ fún Bàbá Kékeré. Ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́.

"Inú pósí?" ló bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ojú mi?"

"Ojú yín gan-an, sà. Yóò kún ògiri."

Áyọ́ọ̀nù dúró sójú kan títí òórùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó ní, "Akọ̀wé, jọ̀ọ́, dá mi sí."

Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mo ní kò ṣeé ṣe mọ́, sà, ẹ ti kú. Ìgbà yẹn ló jókòó, tó jẹ́wọ́. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń kọ orin yẹn, ẹsẹ kìíní nìkan ló mọ̀. Àwọn mẹ́jọ tó kù wà lára páálí tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí pósí, ó sì máa ń fi tọ́ọ̀ṣì kékeré kà wọ́n, kámẹ́rà yóò sì rí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀mí aránṣọ, ẹ̀gbọ́n mi, bátìrì méjì ni.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ́ ọ sórí. Ó ní, "Ìwé tó wà níwájú ẹni, ta ní ń kọ́ ọ sórí?"

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí wọ́n yà á. Mọ́mì Kékeré mú ìwé orin, ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn káàkiri ilé, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹsẹ, ìyẹn ló ń ṣì í lọ́nà. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ti mọ ẹsẹ kejì, ṣùgbọ́n ẹsẹ kìíní ti sá lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n yà á. Àwọn tí mo dá sí pàápàá wá, wọ́n dúró lẹ́yìn láti wò ó bóyá yóò kú dáadáa. Ó dùbúlẹ̀, wọ́n dé pósí. Ẹsẹ kìíní padà wá, ó sì kọ ọ́. Ẹ mọ ohùn yẹn. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ di ojú. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́. Mo ń wò ó nínú ẹ̀rọ: ojú rẹ̀ ń lọ láti apá òsì sí apá ọ̀tún lábẹ́ ìdérí, bí ẹni tó ń ka pákó lásán. Mo ń fi ẹnu pe ọ̀rọ̀ náà fún un láìsí ohùn. Ibo ni yóò ti rí mi?

Ó bá kan ìdérí náà, kó, kó. Ó fi ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ nínú ilé sọ pé:

"Káfíńtà. Ó fún mọ́ mi léjìká o."

Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ la ojú.

"Ṣé o wọ̀n mí dáadáa? Aránṣọ ni mí, mo mọ ohun tó bá fún mọ́ ènìyàn. Ṣí i, kí n fi ibi tí o ti ṣì í hàn ọ́. Mi ò ní bínú." Ó dúró díẹ̀. "Ó dáa, bóyá èmi ni mo sanra." Ó tún dúró. "Káfíńtà?"

Ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ ń rín. Nígbà tó pe "káfíńtà" kẹ́yìn yẹn, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹni tó ń ṣe káfíńtà ti gbé ọwọ́ lé ìdérí, ó fẹ́ ṣí i. Olùdarí kò jẹ́ kí wọ́n pa kámẹ́rà. Nígbà tó yá, ó ní kí á gbàgbé orin, èyí ni òun fẹ́. Ìyàwó onílé yẹn fa mí sẹ́yìn, ó ní, "Kò tilẹ̀ kọrin tán, ó sì kú jù wá lọ." Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Gbogbo ènìyàn ń bọ Bàbá Kékeré lọ́wọ́. Òun kàn bi mí pé, "Orin náà ńkọ́?" Mo ní ẹsẹ kìíní wà níbẹ̀. Ó mi orí, ó wọ bàtà, ó lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi gbúròó rẹ̀.

Lánàá, n kò tíì fọ ẹnu tó fi kan ilẹ̀kùn mi. Ó dúró láàárín ibùsùn àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé, ó sì kọ orin náà láti ẹsẹ kìíní dé ìkẹsàn-án. Kò ṣì í níbì kankan. Àwọn atẹ̀wé ìsàlẹ̀ pa ẹ̀rọ wọn. Nígbà tó tán, ó ní, "Ṣé wọ́n lè tún un yà?"

Mo ní wọn ò lè tún un yà mọ́, sà, olùdarí ti padà sídìí ọṣẹ.

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo kàn bèèrè ni." Ó wá ní, "Ìwọ ti gbọ́ ọ. Ta ló kù?"

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé. Yóò ní orúnkún yín ni òun wá wò. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, ẹ sì bá mi kí ará ilé yín tó ń dáná fún yín, ẹ ní n kò gbàgbé rẹ̀. Ẹ to àga fún gbogbo wọn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Bó bá dúró láàárín ẹsẹ kẹfà, ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Èémí ló ń mú.

Èmi ni, àbúrò yín tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n,

Akọ̀wé.