Òṣùká Kọ́ Ló Ba Ọrùn Ìyá Délé Jẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé mi ní Ifangni. Mo kí Baálé, mo kí ẹ̀yin ìyàwó ilé, mo kí ẹ̀yin tí ẹ wà lóko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Banigbé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Délé, tí ẹ mú mi dání wọ ilé ọkọ yín, tí ẹ ru epo kiri ọjà títí mo fi jáde ilé ìwé, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má tíì ní kí n dìde.

Délé kọ̀wé sí mi pé Ìyá Àṣàkẹ́, orogún yín, ránṣẹ́ láti Daagbé pé òun ti darúgbó, òun fẹ́ wá kú sílé ọkọ òun. Ó ní àwọn àgbà ilé fèsì pé àjẹ́ tí a ti lé kì í padà. Nítorí èsì yẹn ni mo fi kọ̀wé yìí, tí mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ní Àjàṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i ká sábẹ́ ẹní.

Òtútù ilẹ̀ Faransé níbí kò yí padà. Ìyàwó mi ti kú, ìdáná irin inú yàrá ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò ń pè mí ní ọ̀mọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Lẹ́yìn ogun Jámánì àkọ́kọ́, ilé àyẹ̀wò kan tó jẹ́ ti àwọn sójà Faransé gbà mí fún ohun tí wọ́n ń pè ní sitaaji, pé kí n wá kọ́ṣẹ́ ìwádìí. Ẹ pa ewúrẹ́ nígbà tí ẹ gbọ́. Iṣẹ́ náà ni bí ara ènìyàn ṣe ń ṣẹ́. A máa ń ju irin lu egungun òkú, a ó sì kọ iye tó gbà kó tó fọ́. Dókítà ológun tó jẹ́ ọ̀gá wa fẹ́ mọ bí fìlà irin sójà ṣe lè wúwo tó kí ọrùn tó yẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè gbé àpótí ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn! Ó ní òkú ti sú òun, ọrùn alààyè lòun ń wá. Àwọn ọ̀mọ̀wé pọ̀ nínú yàrá náà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ yá a ní ọrùn ìyá tirẹ̀. Èmi, ajá tó ń wá ẹni tí yóò fọwọ́ pa á lórí, ni mo sọ pé mo mọ obìnrin kan tó ń ru garawa epo láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Bí mo ṣe mú un wá sí Ifangni nìyẹn. Ẹ rò pé ó wá kí ìdílé wa ni. A gbé pákó lé ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lórí, a ń to irin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àṣàkẹ́ ti wé òṣùká tuntun fún yín torí ọjọ́ náà. Èmi ni mo ní kí ẹ yọ ọ́, nítorí ọ̀gá mi ní rírọ̀ rẹ̀ yóò ba ìṣirò òun jẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n bi òyìnbó mi bóyá ìyàwó rẹ̀ lè ru igbá omi kan dé ẹnu ọ̀nà láìsunkún. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un pé inú yín dùn sí iṣẹ́ ìjọba.

Nígbà tó yá, ẹ ní kí n wá sọ̀ yín, pé ó tó. Nílẹ̀ wa, bí ọ̀tá ẹni bá ní ká bá òun sọ ẹrù kalẹ̀, à á kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ ná, ká tó máa bá ìjà lọ. Ọ̀gá mi na ìka kan sókè: irin kan sí i. Mo fi í lé e. Ẹ tún ní kí n sọ̀ yín, ẹ fi oríkì pè mí, Àkànní. Mo kọ iye irin sílẹ̀ ná. Ìgbà tí eékún yín kanlẹ̀ ni mo tó sáré wá sọ̀ yín.

Ẹ dìde, ẹ gbọn aṣọ yín, ẹ ní kò sí nǹkan. Nínú ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí à ń padà, ni ọ̀gá mi ti sọ fún mi pé egungun rírọ̀ tó wà láàárín àwọn egungun ọrùn yín ti ya. Pé kì í hàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ yóò máa kú, ọrùn yóò wọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Mo bi í pé kí la máa ṣe. Ó ní ká kọ ọ́ sínú ìwé.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni lẹ́tà yín dé: ọwọ́ ọ̀tún yín kò lè mú ọmọrogùn mọ́, ilé sì ti jókòó, wọ́n ti mú ọ̀daràn. Wọ́n ní Ìyá Àṣàkẹ́ ló fi nǹkan sínú òṣùká tí ẹ ń lò. Wọ́n dáná sun òṣùká náà lójú rẹ̀, wọ́n ju ẹrù rẹ̀ síta. Òṣùká tó jẹ́ pé ká ní ó wà lórí yín lọ́jọ́ náà, bóyá ìbá gbà yín! Mo mọ̀. Mo sì jókòó, mo kọ èsì pé mo bá yín kẹ́dùn, kí ẹ máa ṣọ́ra fún orogún. Obìnrin tí mo ti ń gba àkàsà jẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó lọ ilé ìwé. Torí aṣọ funfun kan àti àga kan nílé àyẹ̀wò ni mo ṣe dákẹ́. Ìwádìí náà kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá mi gba oyè, wọ́n ti ìwé rẹ̀ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, fìlà irin wúwo bó ṣe wúwo tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ lọ mú Ìyá Àṣàkẹ́ wá. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ, kí àwọn tó rí i nígbà tó ń lọ lè rí i nígbà tó ń bọ̀. Kí àwọn tó ju ẹrù rẹ̀ síta, bí wọ́n bá ṣì wà láyé, rù ú wọlé fúnra wọn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bá wọn lọ, ara yín kò gbà á. Ẹ jókòó dè é lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá bú yín, ẹ má dá a lóhùn. Bó bá ṣépè fún mi, ẹ ṣe àmín.

Kí Elédùmarè dá a sí títí yóò fi wọlé. Kó fún ẹ̀yin náà ní oorun tí ọrùn kò ní dí lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí Délé, ẹ kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣe é,
Àkànní.